Gàfárù Bẹ́yẹrúnká àti Káàdì Olóyè Ọlábọ̀wálé

Láyé ìgbà tí ojú irin ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ Ìbàdàn, bí àlejò bá dé Bẹ́yẹrúnká tó ní òun ń wá ilé oníṣẹ́ abẹ́rẹ́, ilé Gàníyù ni gbogbo àdúgbò máa ń nawọ́ sí. Lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ibẹ̀, níbi tí oòrùn àárọ̀ ti máa ń kọ́kọ́ yọjú, ni Gàníyù àti Gàfárù ọmọ rẹ̀ ń jókòó sí lórí ẹní. Wọ́n á tẹ́ aṣọ sórí itan, wọ́n á máa fi abẹ́rẹ́ ya ọnà sí ọrùn agbádá àti sí àpò dàńdógó. Aránṣọ pọ̀ ní ìlú, àmọ́ iṣẹ́ tiwọn kọ́ nìyẹn. Aránṣọ á so aṣọ pọ̀, á di ohun tí èèyàn lè wọ̀. Gàníyù ló máa sọ ọ́ di ohun tí àgbà lè wọ̀ wọ àárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ìgbà tí ogun Kírìjì gbóná janjan ni wọ́n bí Gàfárù. Ìyá rẹ̀ a máa sọ pé lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, agbára káká ni wọ́n fi rí ọkùnrin mẹ́rin jókòó, nítorí gbogbo ọkùnrin ti lọ sójú ogun. Gàníyù kò lọ ní tirẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti rọ láti kékeré. Àwọn kan a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé abẹ́rẹ́ ni idà tirẹ̀. Kì í bá wọn jà.

"Ogun á parí lọ́jọ́ kan," ni yóò wí, "gbogbo yín á sì fẹ́ wọ aṣọ."

Ó fi iṣẹ́ náà kọ́ ọmọ rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọmọ ní ilé kéwú, tòun ti sùúrù àti pàṣán. Ọdún kìíní, òwú nìkan ni Gàfárù ń lọ́. Ọdún kejì, ẹfun ló fi ń fa ìlà sára aṣọ. Nígbà tó wá kan abẹ́rẹ́, bàbá rẹ̀ kì í kọ́kọ́ wo ojú iṣẹ́. Á yí aṣọ padà, á wo ẹ̀yìn. Bó bá rí kókó kan péré níbẹ̀, á mú abẹ, á tú gbogbo rẹ̀ dànù.

"Ṣebí kò sẹ́ni tó máa rí i, bàbá," ni Gàfárù sọ lọ́jọ́ kan, omi lé ròrò sójú rẹ̀.

"Ẹni tó máa wọ̀ ọ́ ńkọ́? Ẹ̀yìn aṣọ ló máa kan ara rẹ̀."

Láti ọjọ́ náà lọ, bí wọ́n bá gbé iṣẹ́ Gàfárù fúnni, èèyàn á yí i síwá yí i sẹ́yìn kó tó mọ èwo ni ojú.

Nínú gbogbo oníbàárà wọn, Olóyè Ọlábọ̀wálé ló ga jù. Ó ti jagun rí, àpá ọta ìbọn wà ní èjìká ọ̀tún rẹ̀, ṣùgbọ́n ogun kọ́ ni Ìbàdàn fi ń rántí rẹ̀ jù. Nígbà tí àwọn òyìnbó ní ọ̀nà tuntun tí àwọn fẹ́ là máa gba orí ibi tí wọ́n sin àwọn jagunjagun Bẹ́yẹrúnká sí, òun ló gun ẹṣin lọ bá ajẹ́lẹ̀ òyìnbó. Kò pariwo, kò halẹ̀. Ó ní kí ajẹ́lẹ̀ bá òun rìn dé ibẹ̀. Ó wá ń fi ọ̀pá tọ́ka sí ibojì lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń dárúkọ ẹni tó wà níbẹ̀ àti ogun tó bá a lọ. Nígbà tó dárúkọ ẹni kẹrìndínlógún, òyìnbó bọ́ fìlà, ó ní ó tó. Ọ̀nà náà yà bàrá, kò kan ibojì kankan. Irú èèyàn bẹ́ẹ̀ ni ilé Gàníyù ń ṣe ọnà aṣọ fún, wọn kì í sì í fi pamọ́.

Ọmọ ilé kejì ni Adéyẹ́misí, akọ̀wé ni ní ilé ìfìwéránṣẹ́. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó yà wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà, ó mú páálí pẹlẹbẹ kan dání tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́.

"Ẹ kú iṣẹ́, bàbá. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Ẹ wá wo ohun tí wọ́n ń tà ní Gbági. Káàdì aláwòrán ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó bá rà á á kọ̀wé sẹ́yìn rẹ̀, á fi ránṣẹ́ dé òkè òkun."

Fọ́tò ọjọ́ tí ọkọ̀ ojú irin kọ́kọ́ dé Ìbàdàn ló wà lójú káàdì náà. Àwọn ìjòyè tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀. Ẹni kẹta nínú wọn ni Ọlábọ̀wálé, ó ń wo ọkọ̀ náà bí ẹni ń wo ẹni tí àwọn méjèèjì fẹ́ jọ jìjàkadì. Gàfárù kò tilẹ̀ wo ọkọ̀. Ó ké tòò.

"Bàbá! Gbárìyẹ̀ yín rèé! Gbárìyẹ̀ tí ẹ ṣe fún Olóyè!"

Ojú Gàníyù ti ń ṣú nígbà náà, iṣẹ́ ọdún pípẹ́ ti gba ìmọ́lẹ̀ inú rẹ̀. Ó na ọwọ́, ó gba káàdì, ó fi ìka pa á láti òkè dé ìsàlẹ̀.

"Ó ń yọ̀," ló wí. "Mi ò bá òwú kankan níbẹ̀."

"Ẹ fún mi lọ́wọ́ yín, bàbá." Gàfárù di ìka bàbá rẹ̀ mú, ó gbé e sórí àpò òsì. "Ibí ni ìlà àkọ́kọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ó yí wá síbí. Gbogbo rẹ̀ ló hàn, kò sí èyí tí ẹ̀rọ wọn gbójú fò."

Gàníyù rẹ́rìn-ín títí ó fi wú ikọ́. "Á jẹ́ pé àwọn tí mi ò mọ̀, tí wọn ò mọ̀ mí, ń wo iṣẹ́ ọwọ́ mi. Alhamdulilahi." Kí ọdún náà tó yí po, ó ti jáde láyé.

Káàdì kejì dé lẹ́yìn ọdún mẹ́rin. Ọlábọ̀wálé ló wà lórí ẹṣin, ó ń bọ̀ láti yídì lọ́jọ́ Iléyá, òkè Mápó wà lẹ́yìn rẹ̀. Irùngbọ̀n rẹ̀ ti ń funfun. Agbádá tó wọ̀ ni iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí Gàfárù dá ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin lẹ́yìn ikú bàbá rẹ̀. Gàfárù fi àtè lẹ káàdì méjèèjì mọ́ ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn èyí ni Olóyè ránṣẹ́ pè é.

"Gàfárù, wọ́n ti gbé mi gorí oyè tó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àwọn òyìnbó á pè wá sípàdé, wọ́n á wọ bàtà dúdú àti bọ́tìnì dídán. Mo fẹ́ aṣọ tó jẹ́ pé bí mo bá wọlé, kí n tó lanu, Ìbàdàn á ti sọ̀rọ̀."

"Dàńdógó sányán ni, Baba. Ẹ fún mi ní oṣù mẹ́jọ."

"Oṣù mẹ́jọ! Mo ti ja ogun tí kò tó bẹ́ẹ̀."

"Wọ́n lè sá lójú ogun, Baba. Ẹnìkan kì í sá nídìí sányán."

Àwọn tó jókòó yí Olóyè ká mí kanlẹ̀, wọ́n rò pé ó ti ṣìwí. Ṣùgbọ́n Olóyè bú sẹ́rìn-ín, ó ní kó máa lọ ṣiṣẹ́ rẹ̀.

Oṣù mẹ́jọ pé géérégé. Lọ́jọ́ tí Ọlábọ̀wálé gbé aṣọ náà wọ̀, àwọn ìyàwó ilé sáré jáde láti ìdí ààrò wá wò ó. Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni onífọ́tò kan dé láti Èkó, Olúsànyà lorúkọ rẹ̀, ó wọ̀ sí Òkè-Àdó. Ó ya Olóyè níbi tó jókòó sí ní àgbàlá rẹ̀, ó sì gba ọ̀nà rẹ̀ lọ.

Ọdún tó tẹ̀ lé e ni káàdì kẹta dé, fọ́tò tí Olúsànyà yà náà ló wà lójú rẹ̀. Adéyẹ́misí mú un wá, àmọ́ kò yára bíi ti tẹ́lẹ̀. Kéwú nìkan ni Gàfárù lè kà, kò mọ ìwé òyìnbó.

"Kí ni wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀."

"Kà á."

Adéyẹ́misí kà á. "Wọ́n ní, 'Olóyè kan ní Ìbàdàn, nínú aṣọ ńlá tí wọ́n ṣe ní Kánò.'"

Gàfárù mú abẹ́rẹ́ rẹ̀, ó tún gbé e kalẹ̀. Odidi ọjọ́ méjì ni kò fi lè fa òwú kan. Àtọ́kẹ́ ìyàwó rẹ̀ ló wá dúró tì í lọ́jọ́ kẹta, ó ká ọwọ́ sẹ́yìn.

"Bàbá Kúbúrá, ẹ dìde. Oṣù mẹ́jọ ni mo fi wo ẹ̀yìn yín tó tẹ̀ sórí aṣọ yẹn. Bí ẹ ò bá lọ bá Olóyè, èmi á lọ."

Ó dìde. Òun àti Adéyẹ́misí jọ forí lé ilé Olóyè. Ọlábọ̀wálé rí ojú rẹ̀, ó ní, "Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú, Baba. Orúkọ wa ló sọnù."

Adéyẹ́misí ka ìwé abẹ́ káàdì. Olóyè ní kó tún un kà.

"Olóyè kan," ló wí jẹ́jẹ́. "Kan! Èmi tí mo ka orúkọ òkú mẹ́rìndínlógún fún òyìnbó, èmi ni wọn ò mọ orúkọ mi lójú ayé mi. Ẹ bá mi pe onífọ́tò yẹn."

Orí bá wọn ṣe é, Olúsànyà ti padà wá sí Ìbàdàn lọ́sẹ̀ náà. Ó dé, ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ. Wọ́n bi í léèrè, kò sì parọ́.

"Ẹ̀bi mi ni, Baba. Oníṣòwò kan ló sọ fún mi pé iṣẹ́ tó bá dáa tó báyìí, Kánò ló ti ń wá. Mo gbà á gbọ́, mi ò bèèrè lọ́wọ́ yín."

"Ará Kánò mọ iṣẹ́," ni Gàfárù dá a lóhùn. "Mi ò ní bu ọwọ́ oníṣẹ́ kankan kù nítorí tèmi. Ṣùgbọ́n wọn ò ṣe èyí."

"Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n. Tí mo bá tún un kọ, àwọn tó ń tẹ káàdì á bi mí báwo ni mo ṣe mọ̀. Kí ni kí n sọ?"

"Ẹ ní ẹ fojú yín rí i."

Gàfárù ní kí wọ́n gbé dàńdógó náà jáde. Ó yí i padà, ó tẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ síwájú Olúsànyà. Kò sí kókó, kò sí òwú kan tó yọrí. Ó wá jókòó sílẹ̀, ó mú èérún sányán kan jáde lápò, ó ki òwú bọ abẹ́rẹ́, ó bẹ̀rẹ̀. Kò fa ìlà, kò wo èyí tó wà lára aṣọ. Olúsànyà kọ́kọ́ dúró, ó wá lóṣòó, nígbà tó yá ó jókòó sórí erùpẹ̀ tòun ti ṣòkòtò funfun rẹ̀. Nígbà tí wọ́n pe ìrun Àsárì, igun àpò dàńdógó ti jáde lórí èérún náà, ojú àti ẹ̀yìn rẹ̀ bákan náà. Olúsànyà gbé e lé ara aṣọ, ó wo méjèèjì, ó mi orí.

"Èyí tí mo bá kọ báyìí," ló wí, "mo lè fi ọwọ́ sọ àyà lé e lórí."

Lọ́jọ́ kejì ló gbé ẹ̀rọ rẹ̀ wá. Ó ní kí Olóyè jókòó lórí àga, kí Gàfárù jókòó sílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ní bẹ́ẹ̀ làwọn òyìnbó ṣe ń fẹ́ ẹ. Ọlábọ̀wálé gbé ọwọ́ sókè.

"Ẹ gbé àga mìíràn wá. Nígbà tí a wà lójú ogun, alágbẹ̀dẹ tó rọ ọta fún wa kì í jókòó sílẹ̀ níwájú mi."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ya àwọn méjèèjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, Gàfárù mú abẹ́rẹ́ dání, ó le ojú koko, ẹ̀rù ń bà á kó má lọ ṣẹ́jú.

Ó tó oṣù mọ́kànlá kí káàdì náà tó dé. Ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀ ni pé: "Olóyè Ọlábọ̀wálé ti Ìbàdàn, àti Gàfárù ọmọ Gàníyù, ará Bẹ́yẹrúnká, ẹni tó ṣe ọnà aṣọ rẹ̀." Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni Gàfárù ní kí Adéyẹ́misí kà á. Ẹ̀ẹ̀kẹrin, orúkọ bàbá rẹ̀ nìkan ló ní kó kà. Àtọ́kẹ́ ní tirẹ̀ gbé káàdì náà dé Bẹẹrẹ, ó gbé e dé Ọjà'ba, ó gbé e dé Orítamẹ́rin. Ẹni tó bá ní òun ń kánjú, á ní kó kọ́kọ́ dúró wo ọkọ òun.

Lọ́dún kan lẹ́yìn ìyẹn, oníṣòwò kan láti ìlú Àkrà létí òkun dé Orítamẹ́rin, káàdì yẹn ló mú dání, ó ń fi han gbogbo ẹni tó bá pàdé pé òun ń wá ọkùnrin tó wà lápá òsì. Agbádá mẹ́ta ló ní kí Gàfárù ṣe fún òun. Iṣẹ́ wá pọ̀ títí Gàfárù fi kọ́ Kúbúrá ọmọbìnrin rẹ̀ ní abẹ́rẹ́. Àwọn alágbà ilé ní obìnrin kì í ṣe é. Gàfárù ní kí wọ́n wo ẹ̀yìn iṣẹ́ ọmọ náà kí wọ́n tó sọ̀rọ̀. Wọ́n wò ó, wọ́n gbé e padà fún un kó máa ṣe é lọ.

Olóyè Ọlábọ̀wálé darapọ̀ mọ́ àwọn baba rẹ̀ ní ọdún tí ó pé ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin. Aṣọ funfun ni wọ́n fi sin ín, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sìn rẹ̀ ṣe là á sílẹ̀. Dàńdógó wá di ti Olúyẹmí, àkọ́bí rẹ̀, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tí kò tíì ní ewú kan lórí. Ó gbé aṣọ náà wá sí Bẹ́yẹrúnká fúnra rẹ̀. Nígbà tó wọ̀ ọ́, aṣọ bò ó mọ́lẹ̀ bíi pé ó rì sínú rẹ̀.

"Bàbá Kúbúrá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi gé e kù."

Gàfárù yí i ká lẹ́ẹ̀mejì. Ó bá a gbé etí aṣọ lé èjìká, apá ọ̀tún, lẹ́yìn náà apá òsì, ó fà á kó dọ́gba.

"Mi ò ní fi abẹ kàn án," ló wí. "Ẹ máa wọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin lẹ máa dàgbà bá a."

Olúyẹmí wọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀ jáde, ó ń gbé ẹsẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kó má baà tẹ̀ ẹ́. Gàfárù dúró lẹ́nu ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń wo ọnà náà bó ṣe ń lọ lójú pópó, àwọn èèyàn sì ń yà fún un lápá méjèèjì.