Kọ́ìnì Tí Omi Pálọ̀ Wa Mú Wá

Ilé wa ní Jákàńdè, ní Ilasan, ìsàlẹ̀ pátápátá ló wà, nínú àwọn ilé alájà tí ìjọba kọ́ nígbà tí àwọn ará Èkó ṣì ń béèrè pé ta ló fẹ́ lọ máa gbé inú igbó Lẹ́kí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fẹ ọ̀nà márosẹ̀, wọ́n gbé e ga, wọ́n sì gbé tóòlù sórí ẹ̀ láti máa gbowó lọ́wọ́ onímọ́tò. Àwọn ẹsítéètì olówó náà da yanrìn sábẹ́ ilé tiwọn, wọ́n mọ ògiri yíká. Omi òjò wá ibi tí yóò gbà títí, ó sì rí i pé pálọ̀ wa ló rẹlẹ̀ jù. Láti ìgbà náà, kò pa ọdún kan jẹ.

Àwọn aládùúgbò a máa fi ìgbálẹ̀ gbá omi jáde. Èmi a máa wọ̀n ọ́n. Iṣẹ́ mi ló fà á: èmi ni mo ń tọ́jú ilé ìkẹ́rùsí níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ilé ní Awoyaya, téèpù kì í kúrò lápò mi. Mo fi bírò pupa fa ìlà sí ògiri pálọ̀, íńṣì kọ̀ọ̀kan, láti ilẹ̀ títí dé ìsàlẹ̀ fèrèsé. Ìyàwó mi, tó ń ránṣọ nínú pálọ̀ kan náà, sọ fún mi nígbà yẹn pé ẹni tó bá lè fa irú ìlà bẹ́ẹ̀ lè wá ilé mìíràn. Ó rọrùn fún un láti sọ. Òun kọ́ ló ń fa ìlà.

Ìgbà yẹn gan-an ni mo kọ́ nípa kọ́ìnì. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé, nítorí ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ tí wọn ò mọ̀ ọ́n. Ìkànnì kan wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tí ẹnikẹ́ni lè máa kọ bulọ́ọ̀gù sí. Bí àwọn tó kà á bá gbádùn rẹ̀, wọ́n á tẹ àmì kan. Bí àmì náà bá ṣe pọ̀ tó ni ìkànnì náà ṣe máa san owó fún ọ. Kì í ṣe náírà, kì í ṣe dọ́là. Kọ́ìnì tirẹ̀ ni, tí ọwọ́ ò lè kàn, tí ìjọba kankan ò tẹ̀, tí iye rẹ̀ sì ń lọ sókè sódò bí àwọn tó ń rà á àti àwọn tó ń tà á bá ṣe ń fà á mọ́ra wọn lọ́wọ́. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi. Mo kà á lórí fóònù tó ti sán lójú, títí mo fi lè ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn bíríkìlà ní Awoyaya lásìkò oúnjẹ ọ̀sán. Wọ́n máa ń tètè jẹun tán lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀.

Mo kọ́kọ́ kọ nípa ìyàtọ̀ tó wà láàárín búlọ́ọ̀kù oníńṣì mẹ́fà àti oníńṣì mẹ́sàn-án. Mo ṣe é dáadáa, mo fi àwòrán sí i. Kò sẹ́ni tó tẹ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí omi wọlé, mo ya àwòrán àga wa tó léfòó lójú omi, mo kọ gíga omi náà sábẹ́ rẹ̀, ibi tó gbà wọlé, àti àwọ̀ rẹ̀ ní àárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́. Àmì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ wálé. Ẹnìkan láti ìlú òtútù kọ̀wé pé òun ò tíì rí ìròyìn omi tó péye tó bẹ́ẹ̀ rí. Mo ka ọ̀rọ̀ náà fún ìyàwó mi bó ṣe ń fún omi kúrò lára aṣọ oníbàárà.

Láti ọjọ́ náà, bí àwọn ará ilé wa bá péjọ láti gbàdúrà kí òjò má pọ̀ lọ́dún yìí, ẹnu lásán ni mo fi ń ṣe àmín.

Kọ́ìnì náà ń pọ̀ sí i, iye rẹ̀ náà sì ń gòkè. Nígbà tó yá, ilé tó wà lájà òkè pátápátá nínú ilé wa ṣófo. Bàbá kan ló ni ín, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì, tó tún jẹ́ akápò ìjọ wa. Ìyàwó mi gòkè lọ wò ó. Nígbà tó sọ̀kalẹ̀, ó ní ilẹ̀ ibẹ̀ gbẹ tó bẹ́ẹ̀ tí òun fi dùbúlẹ̀ sórí ẹ̀.

Ó wá bi mí pé, “Dádì, kọ́ìnì inú fóònù yẹn, ṣé ó tó owó ilé òkè?”

“Ó tó. Ó tún ṣẹ́ kù.”

“Ẹ tà á.”

Mo rọra rẹ́rìn-ín, mo fi ìlà iye rẹ̀ hàn án lórí fóònù. “Kò tíì yá. Wo ìlà yìí, wo bó ṣe ń lọ sókè.”

“Mo rí i. Àwa náà fẹ́ lọ sókè. Kí ló dé tí ìlà nìkan ń lọ?”

“Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, ó lè di ìlọ́po méjì.”

“Kí la fẹ́ fi ìlọ́po méjì ṣe? Ṣé ilé òkè méjì la fẹ́ gbé ni?”

Ẹni tí ò ka ohun tí mo kà ni yóò béèrè irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Mo dárí jì í.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e, mo dìde jẹ́rìí nínú ìjọ. Mo gbé fóònù sókè, mo ní a máa tó kó lọ sílé òkè, mo ṣàlàyé kọ́ìnì láti ìbẹ̀rẹ̀, títí pásítọ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Ìdámẹ́wàá wá di ohun tí mo ní láti ronú lé. Ìjọ ò ní ibi tí wọ́n lè gba kọ́ìnì sí, n kò sì fẹ́ ta tèmi nígbà tó ń gòkè. Nítorí náà mo wo iye tí fóònù kọ, mo pín in sí mẹ́wàá, mo sì san ìdá kan ní náírà, láti inú owó oṣù mi àti owó tí a ti ń kó jọ díẹ̀díẹ̀ fún ilé òkè. Títí di òní, n kò rí àṣìṣe nínú ìṣirò náà. Mo kọ “Ìdámẹ́wàá Kọ́ìnì” sára àpòòwé kí ó má bàa dàpọ̀ mọ́ ti àwọn mìíràn.

Ọ̀sẹ̀ yẹn ò tíì parí tí Bàbá akápò fi kanlẹ̀kùn wa. Tẹ́lẹ̀, “ìwọ yìí” ni wọ́n máa ń pè mí.

“Ọ̀gá, ẹ kú oríire o!”

“Ẹ ṣé, Bàbá. Kì í ṣe ẹ̀yin ló yẹ kí ẹ máa pè mí ní ọ̀gá.”

“Ẹni tí Olúwa ti gbé ga! Ta ni èmi? Ilé òkè yẹn, mo ti ní kí wọ́n kùn ún fún yín. Owó rẹ̀ kàn yí padà díẹ̀ ni.”

“Díẹ̀ bíi báwo?” Ìyàwó mi ló béèrè, láti ẹ̀yìn ẹ̀rọ ìránṣọ.

Bàbá sọ ọ́. Ẹ̀rọ ìránṣọ dákẹ́.

“Bàbá, iye tí ẹ pè é fún mi lọ́sẹ̀ tó kọjá kọ́ nìyí o.”

“Ọmọ mi, lọ́sẹ̀ tó kọjá, mi ò tíì ka àpòòwé ọkọ ẹ.”

Nígbà tí wọ́n lọ, ìyàwó mi yíjú sí mi. “Àpòòwé wo?”

Mo ṣàlàyé. Mo ṣàlàyé dáadáa, mo tún fi fóònù hàn án. Ó kàn dìde, ó lọ wo ibi tí a ń kó owó náà sí, ó sì padà wá tún ti òwú bọ abẹ́rẹ́. Mo fi dá a lójú pé kọ́ìnì náà yóò gòkè débi owó tuntun náà láìpẹ́.

Kọ́ìnì náà sọ̀kalẹ̀. Kò já lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ń sọ̀kalẹ̀ bí àgbàlagbà tó ń sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, tó ń sinmi díẹ̀ lórí ìpele kọ̀ọ̀kan, kí n lè máa rò pé ó ti dúró. Mo kọ bulọ́ọ̀gù gígùn kan láti fi ṣàlàyé ìdí tí ìsọ̀kalẹ̀ náà fi dára. Àwọn èèyàn tẹ àmì sí i gan-an. Kọ́ìnì kan náà ni wọ́n fi sanwó fún mi.

Nígbà tí gbogbo ohun tó wà nínú fóònù kò tó ohun tí mo kó sínú àpòòwé mọ́, mo lọ bá Bàbá akápò nílé wọn.

“Bàbá, ọ̀rọ̀ ìdámẹ́wàá yẹn ni. Ó ti pọ̀ ju gbogbo rẹ̀ lọ báyìí.”

“Gbogbo kí ni?”

“Gbogbo owó náà. Ìdá kan ti ju mẹ́wẹ̀ẹ̀wá lọ. Mo rò pé bóyá a lè tún un ṣírò.”

Wọ́n bọ́ ìgò ojú wọn. “Ìwọ yìí,” ni wọ́n wí, mo sì mọ̀ pé mo ti padà sí ipò mi, “o dúpẹ́ jù. Ìjọ ò ní ṣéńjì.”

“Ilé òkè yẹn ńkọ́? Bí ẹ bá lè gba iye àkọ́kọ́, màá wá a kiri.”

“Ẹnìkan tó ń ṣiṣẹ́ ní èbúté tuntun ti san án. Náírà ló san.”

Òjò dé. Ìyàwó mi kó aṣọ àwọn oníbàárà sórí kọ́bọ́ọ̀dù, ó gbé orí ẹ̀rọ ìránṣọ mọ́ra bí ọmọ, ó dúró láàárín pálọ̀. Omi yọ lábẹ́ ilẹ̀kùn, ó kọjá ìlà pupa kejì, ó kọjá ìkẹta. Kí n tó mọ̀, téèpù ti wà lọ́wọ́ mi. Mo rántí ara mi, mo fẹ́ dá a padà sápò.

“Kí lẹ fẹ́ fi pamọ́?” ni ìyàwó mi wí. “Ẹ wọ̀n ọ́n. Ẹ ya èmi náà mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n bá san kọ́ìnì rẹ̀ ni ẹ máa tà á. Ẹ ò gbọdọ̀ wo ìlà kankan.”

Omi dúró sí íńṣì méje. Nínú àwòrán náà, ìyàwó mi kò rẹ́rìn-ín, ojú rẹ̀ sì kọjú sí ẹni tó ń yà á tààrà. Kò sí bulọ́ọ̀gù mi kankan tí wọ́n tẹ àmì sí tó bẹ́ẹ̀ rí. Ọ̀pọ̀ ló béèrè pé ta ni obìnrin yìí. Ẹni ìlú òtútù yẹn kọ̀wé pé ìbínú náà péye.

Lọ́jọ́ tí wọ́n san kọ́ìnì náà, ìyàwó mi jókòó tì mí títí mo fi tà á, pẹ̀lú gbogbo èyí tó ṣẹ́ kù. Iye tó wọ báǹkì kò tó owó oṣù kan nílé òkè. Ìyàwó mi ní kí n ra búlọ́ọ̀kù. Iṣẹ́ tí mo mọ̀ nìyẹn: oníńṣì mẹ́sàn-án, láti Awoyaya, èyí tí yanrìn rẹ̀ kò pọ̀ jù fún sìmẹ́ǹtì rẹ̀, tí kì í wó bí omi bá bà á. A tò wọ́n sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, sábẹ́ fíríìjì, sábẹ́ tábìlì ẹ̀rọ ìránṣọ. Ó wá di pé ìyàwó mi ń gun àpótí kékeré kan kó tó ránṣọ.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, kọ́ìnì náà gbéra sókè. Mo wò ó nígbà tí ìyàwó mi ò sí nílé. Mo wá wo búlọ́ọ̀kù. Kò gòkè, kò sọ̀kalẹ̀.

Àwọn ìyá ìjọ, tí wọ́n ṣì rántí ẹ̀rí mi, bi ìyàwó mi lẹ́yìn ìsìn bóyá a ti kó lọ sókè gẹ́gẹ́ bí a ṣe wí.

“A ti kó lọ o, ẹ̀yin ìyá wa,” ló dá wọn lóhùn. “Íńṣì mẹ́sàn-án gééré. Ẹ bi Dádì, àwọn ló wọ̀n ọ́n.”