Ilẹ̀ Dúdú Tí Mo Jẹ́ Kí Àgbàrá Gbé Lọ

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ìlá, tí ọwọ́ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ká ọkọ́, ọ̀dọ̀ ìyá àgbà tó bí ìyá mi ni mo ń gbé. Ẹ má wò ó pé n kò tíì hu ewú; ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nínú mi. Ìwé tí mo kà kò pọ̀, àmọ́ ẹ̀yin tí ẹ ń lọ sílé ìwé, ẹ bá mi fetí sí i.

Oko iṣu ìyá àgbà wà ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè kan lójú ọ̀nà Ọ̀tan. Àsìkò tí bẹntiróòlù ṣọ̀wọ́n ni, ẹsẹ̀ la fi ń rìn débẹ̀. Ìyá àgbà fi koríko eèsún sílẹ̀ kó hù ní ìlà gbọọrọ, ó dábùú òkè náà, wọn kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Bàbá tí oko wọn wà nísàlẹ̀ tiwa a máa fi ṣẹ̀fẹ̀: "Ìyá, ṣé ẹ ń sin òyà ni?" Ìyá àgbà á kàn rẹ́rìn-ín. Èmi lojú ń tì.

Lọ́dún kan, ẹsẹ̀ ń dùn wọ́n, wọ́n ní kí n lọ ro ìdí iṣu. Ìdí iṣu nìkan ni wọ́n wí o. Mo ro ó tán, mo wo eèsún yẹn, mo hú u tigbòǹgbò-tigbòǹgbò, mo gbá gbogbo ewé tó ti rà jọ, mo dáná sun ún. Oko mọ́ tónítóní. Mo rò pé wọ́n á yìn mí.

Òjò ńlá rọ̀ lọ́jọ́ kẹta. Nígbà tí èmi àti ìyá àgbà rọra rìn débẹ̀, àgbàrá ti gbá orí ebè lọ, ilẹ̀ pupa ló kù, èbù iṣu wà níta gbangba. Gbogbo èbù tí wọ́n ní lọ́dún náà nìyẹn. Òmíràn kò sí lábà.

"Òjò yìí mà pọ̀ o," ni mo wí.

Ìyá àgbà ní, "Ti èṣín ńkọ́? Ṣé ìrì ni?"

Bàbá ìsàlẹ̀ gòkè wá, ilẹ̀ wa ti kún oko wọn. "Ìyá, ẹ ṣé tí ẹ fi ilẹ̀ ta mí lọ́rẹ!" Àfi bí wọ́n ṣe rí ojú ìyá àgbà, ẹ̀rín kú lẹ́nu wọn.

"Èmi ni mo hú eèsún, Ìyá àgbà."

"Mo mọ̀." Wọn kò nà mí. Wọ́n bu ilẹ̀ pupa sí ọwọ́ ọ̀tún, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ lọ sóko ìsàlẹ̀, wọ́n bu dúdú sí ọwọ́ òsì. "Wò ó. Ewé tó rà nìyí. Ekòló ń jẹ ẹ́, ó ń yà á ní ìgbẹ́, ọdún gorí ọdún kó tó nípọn. Gbòǹgbò eèsún ló ń dì í mú. Ọjọ́ kan ṣoṣo nìwọ fi lé e lọ."

Bàbá ìsàlẹ̀ fúnra wọn bá wa fi agbọ̀n ru ilẹ̀ padà. Èbù díẹ̀ yè, púpọ̀ kú. Ẹ̀gẹ́ la jẹ lọ́dún náà, ìyá àgbà kò sì fi bú mi rí. Ìyẹn ló ń dùn mí jù.

Ayé ti yí padà. Oògùn apakoríko ni wọ́n ń fọ́n sóko báyìí. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ọmọ ń ya ìpele ilẹ̀ sínú ìwé yín, ẹ mọ ohun tí n kò mọ̀, inú mi sì ń dùn. Ìyá àgbà ti lọ, èmi ni mo ń dá oko náà. Mo gbin eèsún padà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ki ìka bọlẹ̀: ilẹ̀ dúdú ti dé oríkèé kejì. Láyé wọn, ó ń gba gbogbo ọwọ́ mi dé ọrùn ọwọ́. Kò tíì tó. Àmọ́ ekòló ti padà, wọ́n wà lẹ́nu iṣẹ́.