Tábìlì Tí A Wọ̀n ní Ẹ̀pẹ́

Òórùn ẹja yíyan máa ń gba ojú fèrèsé wọ kíláàsì mi ní Ẹ̀pẹ́. Ìkòròdú ni mo ti ń lọ síbẹ̀ láràárọ̀, ọ̀dọ́ tíṣà tó gbà pé ìdáhùn kan ṣoṣo ni ìṣirò máa ń ní. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, alábẹ̀wò ń bọ̀ wá wo bí mo ṣe ń kọ́ni. Ohun tó bá kọ ni yóò sọ bóyá iṣẹ́ náà yóò dúró fún mi.

Mo ti ní kí àwọn ọmọ fi rúlà wọn tábìlì mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹnì kan ní 119 sẹ̀ǹtímítà, òmíràn 121, òmíràn 122. Ọ̀kan tilẹ̀ gbé 151 wá. Alábẹ̀wò kò sì ní pẹ́ dé. Mo kọ 120 gàdàgbà sójú pátákó, mo ní kí gbogbo wọn pa tiwọn rẹ́, kí wọ́n kọ èyí. Wọ́n gbọ́ràn, àfi ọmọbìnrin apẹja kan tó fọwọ́ bo ìwé rẹ̀.

"Sà, 121 ni mo rí."

"Orí kunkun bí ẹja àrọ̀!" Bí mo ṣe wí báyìí, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín.

Mo ti nawọ́ sí ìwé náà nígbà tí alábẹ̀wò wọlé, obìnrin àgbà tí kì í rẹ́rìn-ín. Ó ṣí ìwé bíi mẹ́wàá, 120 ló ń bá níbẹ̀. Ó wò mí lójú. Ó wá dé ọ̀dọ̀ ọmọbìnrin náà.

"Èéṣe tí tìẹ fi yàtọ̀?"

Ọmọ náà dìde.

"Mà, ti gbogbo wa ló yàtọ̀ síra tẹ́lẹ̀. Bàámi máa ń na apá méjèèjì láti fi wọn àwọ̀n lẹ́ẹ̀mejì, kì í bára mu. Tó bá fi díẹ̀ yàtọ̀, wọ́n á ní ọwọ́ ni. Tó bá yàtọ̀ gan-an, wọ́n á tún un wọ̀n. Ẹni tó ní 151 nìkan ló yẹ kó tún tiẹ̀ wọ̀n."

Ọmọ yẹn tún un wọ̀n, ó di 121: ó ti fi ìgbà kan ka rúlà oní-30 sẹ̀ǹtímítà rẹ̀ lé. Alábẹ̀wò bá na rúlà sí mi. "Tíṣà, ẹ̀yin náà ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta." Mo wọ̀n ọ́n. 120. 121. 120. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Ọdún kan gbáko ni wọ́n fi kún àsìkò ìdánwò mi lẹ́nu iṣẹ́, mo sì bínú. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, mo máa ń sọ ọ́ fún wọn nígbà náà. N kì í parí òwe náà. Nísinsìnyí tí mo ti fẹ̀yìn tì, kì í ṣe ọdún yẹn ló ń dùn mí. Ẹ̀rù ló bà mí, mo sì ní kí odindi kíláàsì bá mi pa ohun tí ojú wọn rí rẹ́. Wọ́n pa á rẹ́, torí pé wọ́n gbà mí gbọ́.