Ìró Tín-ín-rín Láti Òdìkejì Òkun

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí gíga mi ò tíì ju ti tábìlì bàbá mi lọ, wáyà kan wà tó gùn láti ẹ̀yìn ilé wa dé ibi tí iyanrìn òkun ti bẹ̀rẹ̀. Ara igi àgbọn ni bàbá mi ta á mọ́, láti igi dé igi. Ẹni tó bá ń ti Ìworò bọ̀ á rí wáyà yẹn kó tó rí òrùlé wa. Àwọn kan rò pé a fẹ́ máa sá aṣọ sí i ni.

Bàbá mi kì í ṣe ọmọ ibẹ̀. Apá Ọ̀yọ́ ló ti wá, iṣẹ́ wáyà ní ilé ìfìwéránṣẹ́ ló gbé e dé Àgbádárìgì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fóònù láyé, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Láyé ìgbà yẹn, tí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ kánjúkánjú, ẹnì kan á fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ ní ìró kúkúrú àti ìró gígùn, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní tiẹ̀, ẹlòmíì á sì máa fetí gbà á ní ìlú kejì. Iṣẹ́ bàbá mi nìyẹn. Tó bá wá ti ibi iṣẹ́ dé, irú nǹkan yẹn náà ló tún fi ń ṣeré. Ó ṣe rédíò kan fúnra rẹ̀, tí kì í kọrin, tí kì í sọ ìròyìn. Ìsàlẹ̀ pátápátá lórí ìwọ̀n ìgbì rédíò ló ń lọ, níbi tí rédíò ọjà kò dé.

Kí ló wà níbẹ̀? Àwọn ẹ̀rọ kéékèèké tí wọ́n gbé kalẹ̀ káàkiri ayé nítorí ọkọ̀ òfuurufú. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní lẹ́tà méjì tàbí mẹ́ta tó ń pè ṣáá, kí awakọ̀ lè mọ ibi tó dojú kọ. Wọn ò lágbára, wọn ò sì ṣe wọ́n kí ohùn wọn lè rìn jìnnà. Ṣùgbọ́n ohun tí bàbá mi ń wá lójoojúmọ́ ni pé kí ọ̀kan nínú wọn ti Bràsíìlì gba orí omi wá, kó sì dé ilé wa.

Etí tiẹ̀ ò mú mọ́, ariwo ẹ̀rọ amúnáwá ibi iṣẹ́ wọn ti bà á jẹ́. Nítorí náà, èmi ló máa ń dé ìyafóònù mọ́ létí kí oòrùn tó yọ. Ariwo inú rẹ̀ dà bí ìgbà téèyàn ń dín ẹja nínú epo gbígbóná. Abẹ́ ariwo yẹn ni mo ti ń wá ìró tí kò ju ti ẹ̀fọn lọ.

"Má dúró kó pariwo," bàbá mi á wí. "Ohun tó ń padà wá bákan náà ni kó o máa wá. Ariwo kì í tún ara rẹ̀ sọ."

Ohun kan tún wà tó kọ́ mi. Ìró tó bá ti ọ̀nà jíjìn wá, òkùnkùn ló ń gbé e. Bí oòrùn bá ti ń gòkè, á máa kú lọ ni. Èyí tó bá ń dún lọ́sàn-án gangan, ìtòsí ló ti ń wá.

Ní ìdájí ọjọ́ Àìkú kan nínú ọyẹ́, mo gbọ́ ọ. Mo ń fi ìka lu tábìlì bó ṣe ń dún sí mi létí, bàbá mi ń tẹ̀ lé ìka mi. Bó ṣe mọ lẹ́tà méjèèjì, ó dìde, ó tún jókòó. Ó ní ìlú kan létí òkun Bràsíìlì ló ni wọ́n. Ayọ̀ ò jẹ́ kó dúró dọ̀sán. Ó wọ agbádá rẹ̀, ó di ṣọ́ọ̀ṣì.

Nígbà tí wọ́n ní kí àwọn tó lẹ́rìí dìde, bàbá mi dìde. Ó ní Olúwa ti jẹ́ kí òun gbọ́ ohùn òdìkejì òkun. Ló bá di pé àwọn ìyá àgbà ń sunkún. Ó yẹ kí ẹ mọ̀dí rẹ̀. Àgbádárìgì ni ìlú wa: agboolé wo ni wọn ò ti kó èèyàn lẹ́rú gba orí omi yẹn lọ, tí ẹnikẹ́ni ò padà wá sọ ohun tójú wọn rí?

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ìyá àgbà kan tí ilé rẹ̀ kan tiwa wọlé wá. Ègùn ni, Yorùbá rẹ̀ a máa fì díẹ̀. Ó gbé àgbọn dání fún wa. Ẹ̀gbọ́n ìyá tó bí ìyá rẹ̀ wà lára àwọn tí wọ́n kó lọ.

"Bàbá ọmọ yìí, kí ni wọ́n wí?" ó béèrè. "Ṣé wọ́n dárúkọ ẹnì kankan?"

"Lẹ́tà méjì péré ni, Màmá."

"Lẹ́tà méjì náà tó. Ṣé wọ́n ṣì ń pè?"

"Wọ́n ń pè, Màmá. Wọn ò dákẹ́."

Ìyá náà gbé ọwọ́ lé orí rédíò bí ẹni ń gbé e lé orí ọmọ, ó sì fi èdè Ègùn sọ̀rọ̀ sí i títí.

Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, a wà ní họlidé, bàbá mi wà níbi iṣẹ́. Oòrùn wà láàárín orí. Mo kàn dé ìyafóònù náà sétí lásán ni. Ẹ̀yin ọmọ mi, ó ń dún. Ó ń dún ketekete, ìró kúkúrú kan tí ariwo ìdájí ti gbé mì sì wà láàárín rẹ̀ níbi tí n kò ti gbọ́ ọ. Lẹ́tà mìíràn ni. Ọ̀sán gangan ni. Ìtòsí ló ti ń wá, kì í ṣe Bràsíìlì.

Mo sáré lọ bá ìyá mi nídìí ẹja tó ń sun. Ó tẹ́tí sí mi tán, ó ní, "Tí bàbá rẹ bá dé, jẹ́ kó jẹun ná."

Nígbà tí bàbá mi dé, tó jẹun tán, mo sọ fún un. Ó dé ìyafóònù sétí. Àní etí rẹ̀ tí kò mú gbọ́ ọ.

"Kútọnu ni," ó wí. Kò wo ojú mi.

Ìyá mi ní, "Ta ló mọ̀? Ta ló máa mọ̀ láéláé?"

"Èmi mọ̀," bàbá mi dáhùn.

Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, ó dìde, ó sọ pé àṣìṣe ni, pé ohùn Kútọnu ni òun gbọ́. Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín gba gbogbo ilé. Mo rọra yọ̀ bọ́ sábẹ́ àga, ibẹ̀ ni mo wà títí wọ́n fi ṣe oore-ọ̀fẹ́. Láti ọjọ́ náà ni bàbá mi ti di Bàbá Bràsíìlì. Tí mo bá wọ kíláàsì, àwọn ọmọ á máa fi ọwọ́ lu tábìlì, kúkúrú, gígùn, kúkúrú, títí omi á fi bọ́ lójú mi.

Ẹ̀rín wọn ṣì sàn. Ìyá àgbà ilé kejì ló dùn wá jù. Ó wá, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Kútọnu?" ó wí. "Àbúrò mi obìnrin ń tajà ní Kútọnu. Mo rí i níjẹta." Kò bínú. Ó kàn yí padà, ó rọra lọ.

Títí ọyẹ́ fi yí ká, bàbá mi ò sún mọ́ rédíò náà. Lọ́jọ́ kan ṣáá, kí ilẹ̀ tó mọ́, ó fọwọ́ kàn mí pé kí n dé ìyafóònù. Mo gbọ́ ìró kan tó fẹ́lẹ́ débi pé mo ń di èémí mú kí n lè gbọ́ ọ. A ò tètè gbà á gbọ́ lọ́tẹ̀ yìí. A dúró. Bí oòrùn ti ń yọ, ó ń jìnnà lọ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń rin etí òkun lọ. Lọ́sàn-án, kò sí nǹkan kan. Ní ìdájí ọjọ́ kejì, ó ti padà. Bẹ́ẹ̀ la ṣe títí ọyẹ́ fi lọ, lẹ́tà náà ò sì yí padà. Ti Bràsíìlì ni. Òótọ́ ni.

Mo ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká lọ sọ fún Màmá."

Ó ń wo ilẹ̀. "Kí n tún dìde? Kí wọ́n tún máa lu tábìlì fún ọ?"

Ọkàn mi balẹ̀ nígbà tó wí bẹ́ẹ̀. Kí n má parọ́ fún yín, ọkàn mi balẹ̀. Láti ibi tí mo jókòó sí tí ohùn òdìkejì òkun wà ní etí mi, mo máa ń gbọ́ ikọ́ ìyá náà lára ògiri. A ò sọ fún un. Òjò ọdún yẹn ò tíì dá tí wọ́n fi sin ín.

Ayé ti yí padà. Wọ́n ti gé àwọn igi àgbọn yẹn. Jẹnẹrétọ̀ àti ẹ̀rọ tí ń gba iná oòrùn ti fi ariwo kún gbogbo etí òkun wa, débi pé etí èèyàn ò lè mú ohunkóhun níbẹ̀ mọ́. Kọ̀ǹpútà ló ń gbọ́ ọ báyìí. Ọmọ ọmọ mi obìnrin tó wà ní yunifásítì ní ọ̀kan. Á fi í sílẹ̀ fún wákàtí púpọ̀, á máa fa ìlà tín-ín-rín sójú rẹ̀, níbi tí etí lásán ò ti ní gbọ́ nǹkan kan. Tó bá ṣì í, á pa á rẹ́, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń ṣe é á ní kó tún un ṣe. Kò sẹ́ni tó ń sọ ọ́ lórúkọ ẹ̀sín. Inú mi dùn sí ìyẹn.

Níjọ́sí, ó fi ìlà kan hàn mí. "Màmá àgbà, Bràsíìlì rèé. Ṣé ẹ gbọ́ ọ rí nígbà èwe yín?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo máa sọ ọ́ síta nìyẹn. Àwọn tí à ń bẹ̀rù ẹ̀rín wọn ti kú tán, ìyá tó gbé ọwọ́ lé rédíò wa náà ti lọ. Èmi nìkan ló kù tí ojú ń tì.