Ọ̀gá Tó Máa Ń Fi Tíì Lọni Lẹ́ẹ̀mejì

Tí òtútù Jos bá mú láàárọ̀, tí mo gbé kẹ́tù kaná, ọ̀gá mi òyìnbó ni mo máa ń rántí. Òun ni ọ̀gá àgbà yunifásítì, èmi ni taípíìsì rẹ̀. Ó ti bá ìjọba ìlú wọn ṣiṣẹ́ pẹ́ kó tó wá, síbẹ̀ fúnra rẹ̀ ló ń po tíì fún àlejò.

Nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, bàbá oníṣòwò kan, ará Ìlọrin, tó ti pẹ́ ní Jos, wá kí i káàbọ̀ láti àdúgbò Tina Junction. Ọ̀gá fi tíì lọ̀ ọ́. Bàbá fi Hausa dúpẹ́, ó ní òun ti yó; èmi ni mo túmọ̀ rẹ̀. Ni ọ̀gá bá gbé kẹ́tù kúrò! Ojú bàbá yí padà.

Nígbà tí bàbá lọ, mo ní, "Sà, ọmọlúàbí kì í gbà lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀ bá ti tún lọ̀ ọ́."

Ó di àṣà rẹ̀ látọjọ́ náà. Bí akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n fẹ́ lé bá ní òun ò ní ọ̀rọ̀ kankan láti sọ, ọ̀gá á po tíì, á ní, "Mo tún bi ọ́ o." Ìgbà yẹn ni òótọ́ máa ń jáde. Ọ̀pọ̀ wọn ni kò jẹ́ kí wọ́n lé.

Nígbà tí sáà rẹ̀ parí, alága ìgbìmọ̀ yunifásítì bi í níwájú gbogbo wa bóyá á tún dúró.

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹ ṣeun. Ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn ṣe é."

Alága ní, "A dúpẹ́, sà," ó sì bọ́ sórí ọ̀rọ̀ mìíràn.

Ọ̀gá mi ṣì ń wo ẹnu rẹ̀, ó ń retí ẹ̀ẹ̀kejì.