Alùpùpù Fàtáì Elépo

Bí ẹ bá dé Kotobabi ní Accra tí ẹ béèrè Fàtáì, wọn á bi yín pé Fàtáì wo. Ẹ ní Fàtáì elépo, ẹni àkọ́kọ́ tí ẹ bá pàdé ló máa mú yín dé ìsọ̀ rẹ̀. Epo pupa àti òróró ẹ̀pà ló ń tà, kò sì sí ẹni tó lawọ́ tó o nídìí ọjà náà. Bó bá wọn ìgò kan fún yín tán, á tún da díẹ̀ lé e títí epo á fi fẹ́ kan ìdérí. "Alata, ntoso!" làwọn ará Ghana máa ń ké sí i. Alata ni wọ́n ń pe ọmọ Yorùbá, èènì ni wọ́n sì ń béèrè, tayọ̀tayọ̀ ló sì fi ń bù ú. Lójú Fàtáì, ohun tí kò bá ní èènì kò tíì kún.

Ní ìparí ọdún 2018 ló ra alùpùpù tuntun, pupa fòò, ní ilé ìtajà ńlá kan lẹ́bàá Circle. Wọ́n fún un ní ìwé pé fún odindi ọdún kan, bí ohunkóhun bá ṣe é, ọ̀fẹ́ làwọn máa tún un ṣe. Ọ̀sẹ̀ kan kò pé tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í jo. Ọ́ìlì ń kán tó, tó, tó sórí táìlì funfun tí Àlájà Mutmainah, onílé rẹ̀, ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ́ sí àgbàlá. Àlájà fẹ́ràn táìlì yìí débi pé kì í jẹ́ kí àwọn adìyẹ rẹ̀ gan-an rìn lórí ẹ̀.

Fàtáì gbé alùpùpù padà. Wọ́n pààrọ̀ rọ́bà kan, wọ́n fọ ẹ̀rọ náà títí tó fi ń dán, wọ́n ní ó ti parí. Ó délé, ó jo. Lẹ́ẹ̀kejì, rọ́bà mìíràn. Ó jo. Lẹ́ẹ̀kẹta, wọ́n tú inú ẹ̀rọ ká sórí tábìlì, wọ́n tò ó padà, wọ́n sì fi í sọ́dọ̀ wọn fọ́jọ́ mẹ́ta gbáko láìkán ẹ̀kán kan. Ó délé, ó jo. Lẹ́ẹ̀kẹrin, ọ̀gá wọn tó máa ń wọ táì fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Ọ̀rẹ́ mi, mótò yìí ò ní nǹkan kan. Bóyá òjò lẹ rí."

Oṣù kìn-ín-ní ọdún ni o, tí ọyẹ́ ti la gbogbo ará Accra létè. Inú bí Fàtáì débi pé Yorùbá, Twi àti Gã sá mọ́ ọn lẹ́nu lẹ́ẹ̀kan náà.

"Òjò dúdú?" ni gbogbo ohun tó rí sọ.

Àlájà ti fọwọ́ lé ìbàdí dè é nílé. "Fàtáì, mo ti fọṣẹ fọ̀ ọ́, mo ti fi iyanrìn fọ̀ ọ́, mo ti fi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́. Ó di ọjọ́ Jímọ̀. Bí ẹ̀kán kan bá tún wà lórí táìlì mi, ìta ni mótò yẹn máa sùn."

"Àlájà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú..."

"Ìta!"

Fàtáì mọ ìta yẹn dáadáa. Alùpùpù tó bá sùn síbẹ̀ kì í jí síbẹ̀. Ọdún mẹ́fà ló fi tu owó rẹ̀ jọ, òun ló sì fi ń kó epo lọ fáwọn oníbàárà rẹ̀ ní Odawna. Bí wọ́n bá gbé e lọ, orí ara rẹ̀ ló máa padà fi ru kẹ́ẹ̀gì. Ẹ̀rù bà á, ká má purọ́.

Ní Ọjọ́bọ, ó tún dé ilé ìtajà náà. Ọ̀gá onítáì rí i lókèèrè, ó wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ó sì tilẹ̀kùn mọ́ra. Tamílọ́rẹ ni wọ́n tì síwájú, fítà obìnrin kan ṣoṣo tó ń tún mótò ṣe níbẹ̀, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Accra, tó ń gbọ́ èdè náà ju bó ṣe ń sọ ọ́ lọ. Òun ò pààrọ̀ rọ́bà kankan. Ó da ọ́ìlì inú ẹ̀rọ nù, ó da tuntun sí i, ó tan án, ó sì jókòó tì í fún wákàtí kan. Kò jo.

"Bàbá, ó ti dáa. Ẹ máa gbé e lọ, wai," ló fi Twi kádìí rẹ̀.

Fàtáì kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo gíláàsì kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, tí wọ́n fa ìlà méjì sí. Ọ́ìlì dúró sídìí ìlà òkè. Ó mí kanlẹ̀, ó ṣí báàgì rẹ̀, ó fa kẹ́ẹ̀gì ọ́ìlì kan yọ, ó sì ń dà á sí i.

"Ei! Bàbá! Kí lẹ̀ ń ṣe?"

"Mò ń fi èènì sí i ni."

"Èènì?"

"Ahun ni gbogbo yín níbí. Ẹ kì í jẹ́ kó kún. Bí mo bá ti gbé e délé, èmi ni mo máa ń da díẹ̀ lé e, kára ẹ̀ lè balẹ̀."

Tamílọ́rẹ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ gbagada. "Bàbá, ìlà yẹn lòpin! Tó bá kọjá ibẹ̀, ẹ̀rọ máa pọ̀ ọ́ síta. Mótò yín ò jo. Ó yó!"

Fàtáì wo kẹ́ẹ̀gì ọwọ́ rẹ̀. Ó rántí àwọn rọ́bà tí wọ́n pààrọ̀, ó rántí ẹ̀rọ tí wọ́n tú ká bí ẹran Iléyá, ojú sì tì í gidigidi. Láti inú ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín. Tamílọ́rẹ fa àpọ̀jù ọ́ìlì yẹn jáde, ó sì gba kẹ́ẹ̀gì náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Láàárọ̀ Jímọ̀, Àlájà mú áńkáṣífù funfun, ó fi nu abẹ́ alùpùpù yíká. Áńkáṣífù náà ò yí àwọ̀ padà. Ó nù ún lẹ́ẹ̀kejì kí ó tó gbà.

"Alihamudulilahi," ló wí, ó sì na ìgò sí Fàtáì. "Ó yá, wọn epo fún mi."

Ọ̀rọ̀ Tamílọ́rẹ ṣì wà létí Fàtáì. Ó wọn epo náà dé ọrùn ìgò, ó dúró síbẹ̀, ó sì dé e.

Àlájà wo ìgò. Ó wo Fàtáì. "Èènì mi dà?"

"Àlájà, ó ti dé ìlà."

"Ìlà wo?"

Ó ṣí ìgò náà fúnra rẹ̀. Fàtáì da díẹ̀ lé e. Ó ní kó tún fi sí i. Fàtáì tún fi sí i. Epo dé ẹnu ìgò, ó ṣàn gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wálẹ̀, ó sì kán sórí táìlì funfun, tó.

Àwọn méjèèjì wò ó. Àwọn méjèèjì tún wo alùpùpù. Àlájà rọra fi bàtà tẹ ẹ̀kán náà mọ́lẹ̀, ó sì di ìgò rẹ̀ mú.

"Ìyẹn ò sí nínú àdéhùn wa," ló wí, ó sì dúró síbẹ̀ láìgbé ẹsẹ̀ kúrò, títí Fàtáì fi wọlé.