Ọjọ́ Tí Ìdílé Ọba Wọ Inú Géèmù

Ọjọ́ tí Dàpọ̀, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, gbé géèmù rẹ̀ ti Èkó wá sí Ọ̀mù-Àrán ni n kò lè gbàgbé. Ẹranko mẹ́ta ni kálukú ń kó jà: oníná, olómi àti abìyẹ́. Ọ̀kan a dúró níwájú, a sì lè fi èyí tó wà lẹ́yìn pààrọ̀ rẹ̀. Oníná nìkan ni mo ń tì síwájú ṣáá, Dàpọ̀ sì ń da omi lù ú.

Bàbá àgbà, tó ń wò wá láti orí àga rẹ̀, pariwo: "Bí ìdílé ọba ṣe ń jẹ ní yíyípo ni kí o ṣe é! Ṣé ìdílé kan ṣoṣo ni yóò máa jọba ni? Oníná ti jẹ. Ó kan abìyẹ́!"

Mo gbọ́ràn, mo fi abìyẹ́ pààrọ̀ oníná. Omi Dàpọ̀ kò rí iná pa mọ́, àwọn ẹranko rẹ̀ sì sùn gbalaja. Mo fò sókè, àga mi dojú dé.

Dàpọ̀ bẹ̀ mí pé ká tún un ṣe. Bàbá àgbà gba géèmù náà.

"Ẹ̀yin ti jẹ. Ó kàn mí."

Kábíyèsí wa tuntun kò sọ̀kalẹ̀ lórí ìtẹ́, kò sì fún wa ní géèmù náà títí ilẹ̀ fi ṣú.